Bẹ́ẹ̀dì Inú Fọ́tò

[Fóònù ń dún. Ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹrù tí wọn ò tíì pa.]

ỌMỌ: Hẹ́lò? Bàámi, ẹ káàsán, sà.

BÀBÁ: Káàsán, Atúnléṣe mi. Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé o ti jẹun?

ỌMỌ: A dúpẹ́, sà. Màámi ńkọ́? Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Fọ́tò mẹ́rin ni ọ̀gá mi ń dúró dè. Màá pè yín tó bá di—

BÀBÁ: Kò ní pẹ́. Ìbéèrè kan péré ni.

ỌMỌ: Ó dáa, sà.

BÀBÁ: Àwọn àga yẹn.

ỌMỌ: Àga wo?

BÀBÁ: Aláwọ̀ ewé. Èyí tó gùn, tó gba èèyàn mẹ́ta. Àti tábìlì onígíláàsì, àti iná gíga tó dúró lẹ́sẹ̀ kan. Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n wá kó wọn?

ỌMỌ: Mi ò mọ ohun tí ẹ ń sọ, Bàámi.

BÀBÁ: Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́! [Ohùn rẹ̀ jìnnà sí fóònù.] Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ gbọ́? Ó ní òun kọ́ o! Ẹni tó ni àga ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o!

ỌMỌ: Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?

BÀBÁ: Ọkùnrin kan tó di kọ́kọ́rọ́ mú níbí. Ó ní bí òun ṣe bá ilé nìyẹn, lófìfo. Mo ní irọ́ ni. Wọ́n ti jí ẹ lẹ́rù, ọmọ mi. Wọ́n palẹ̀ gbogbo ẹ̀ mọ́, wọn ò ṣẹ́ ọ̀pá kọ́tìnì kan kù.

ỌMỌ: Bàámi, please, ẹ rọra. Ibo lẹ wà?

BÀBÁ: [Ó ń rẹ́rìn-ín.] Ẹ̀n-ẹ́n. Mo mọ̀ pé wàá béèrè.

ỌMỌ: Ibo lẹ wà, sà?

BÀBÁ: Surprise ni mo fẹ́ kó jẹ́. Ìyá ẹ ní ká ti pè ọ́ láti ìjẹta, mo ní rárá o. Mo ní ká wọlé tán, ká jókòó sórí àga ẹ, ká ya fọ́tò, ká fi ránṣẹ́. Ìwọ á kàn ṣí fóònù, wàá rí wa bí ọba àti olorì.

ỌMỌ: Ẹ wọ ilé wo?

BÀBÁ: Ilé ẹ! Ilé tó o tún ṣe! Èyí tó o fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tó o ní, “Bàámi, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.” Ilé ìsàlẹ̀, tí ò ní àtẹ̀gùn kankan, tí yàrá ẹ̀ fẹ̀ bíi—

[Ohùn ń já. Ariwo ṣà-ṣà.]

BÀBÁ: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

ỌMỌ: Mo gbọ́ yín. Bàámi, ṣé ẹ ti kó lọ síbẹ̀ ni?

BÀBÁ: A ti kó! Ọkọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ẹ wà níwájú lọ́dọ̀ dírébà, mo fi ìrọ̀rí há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà ṣubú. Kí ló dé tí ohùn ẹ rí bẹ́ẹ̀? Inú ẹ ò dùn?

ỌMỌ: Kẹ́ ẹ tó sanwó ilé yẹn, ṣé ẹ lọ wò ó?

BÀBÁ: Kí ni mo fẹ́ wò? Ṣebí ìwọ ti wò ó.

ỌMỌ: Háà.

BÀBÁ: Gbọ́ mi. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù méjì tí ẹ̀gbẹ́ òsì ìyá ẹ ti kú. Àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógójì ló wà nínú ilé wa àtijọ́, mo ti kà á débi pé mò ń kà á lójú oorun. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ rí dókítà, ọkùnrin méjì ni mò ń bẹ̀ kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó máa ń dijú ni. Ojú ń tì í. Mo wá ń wá ilé ìsàlẹ̀. Ejẹ́ǹtì kan tó ń báni wá ilé fi ilé mẹ́fà hàn mí lórí fóònù. Bí mo ṣe dé orí ìkẹfà, mo ní, “Dúró ná, mo mọ ilé yìí!” Mo lọ wo èyí tó o fi ránṣẹ́. Òun náà ni! Mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká wá fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fọwọ́ sí ìwé.

ỌMỌ: Bàámi, mi ò dé ibẹ̀ rí.

BÀBÁ: O ò dé ibo?

ỌMỌ: Ilé yẹn. Mi ò fi ẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́ rí.

BÀBÁ: Ta ló wá to àga síbẹ̀?

ỌMỌ: Èmi náà ni. Lórí kọ̀ǹpútà. Virtual staging ni wọ́n ń pè é. Mo ti ṣàlàyé fún yín rí—

BÀBÁ: O ní o máa ń to ilé fún àwọn tó fẹ́ tà á àti àwọn tó fẹ́ yá a. Ohun tó o sọ nìyẹn. O ní ilé tó bá ṣófo kì í wu èèyàn, ìwọ lo máa ń gbé àga sí i.

ỌMỌ: Inú fọ́tò ni, sà! Wọ́n á ya yàrá lófìfo, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi á mú àga láti inú kọ̀ǹpútà, màá tò ó sí i, màá fún un ní òjìji kó lè jọ òótọ́. Àga yẹn ò sí níbì kankan láyé, Bàámi. Kò sẹ́ni tó jí i.

[Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń kùn.]

ỌMỌ: Bàámi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Mo gbọ́. [Ohùn rẹ̀ jìnnà.] Ọ̀gbẹ́ni, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Àṣìṣe ni. Mo pè yín lólè, mo sì ti dàgbà jù ú lọ.

ỌMỌ: Bàámi, ẹ forí jì mí.

BÀBÁ: Ṣé o mọ̀ pé mo ti máa ń ṣe kàyéfì? Mo ní, ọmọ yìí, oṣù yìí ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oṣù yẹn ogún, ibo ló ń rí gbogbo àga yìí kó sí? Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi tó ń ta agolo pé ó ní láti jẹ́ pé o ní sítóò ńlá kan. Ó ní, “Ṣé ọmọ ẹ lè ta ọ̀kan fún mi lọ́pọ̀?” Mo ní màá sọ ọ́ fún ẹ.

ỌMỌ: Ó yẹ kí n ti tún un ṣàlàyé. Inú yín ń dùn ni. Ẹ ń fi mí yangàn, mi ò fẹ́ bà á jẹ́.

BÀBÁ: Ó dáa. Ó dáa, kò burú. Àga kì í ṣe nǹkan. Mo ti pín tiwa fáwọn ará ilé àtijọ́, obìnrin ìsàlẹ̀ ló kó èyí tó dáa jù, ṣùgbọ́n a lè jókòó sórí àpótí. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tí a bí ẹ, àpótí méjì àti ẹní kan la ní.

ỌMỌ: Màá ra àga. Lọ́la ni màá rà á, sà. Mo ṣèlérí.

BÀBÁ: Má da ara ẹ láàmú. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì gan-an ló jẹ́ kí n pè ọ́.

ỌMỌ: Bẹ́ẹ̀dì?

BÀBÁ: Bẹ́ẹ̀dì ìyá ẹ. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, tí orí ẹ̀ á gbé sókè. Àwọn aláàárù gbé e dé yàrá, wọ́n ní kò gbà. Mo ní kò gbà báwo? Mo ní bẹ́ẹ̀dì tó wà nínú fọ́tò tóbi ju eléyìí lọ, tábìlì kékeré wà lọ́tùn-ún, òmíràn wà lósì, àyè sì tún ṣẹ́ kù tí àga onítáyà lè fi yípo. Wọ́n ń wò mí bíi wèrè.

[Àwọn aláàárù ń ráhùn lókèèrè.]

BÀBÁ: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi? Network yìí ò dáa.

ỌMỌ: Mo wà níbí.

BÀBÁ: Ibo ni wọ́n máa kọ orí ẹ̀ sí? Ìwọ lo tò ó. Sọ fún mi kí n sọ fún wọn.

ỌMỌ: Bàámi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ni. Bẹ́ẹ̀dì yẹn náà, kọ̀ǹpútà ni.

BÀBÁ: Ó yé mi! Ṣé mo wá gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni? Èmi náà máa ń ya aṣọ sórí bébà kí n tó gé e. Aṣọ orí bébà ò lè bọ́ sọ́rùn ẹnikẹ́ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀, ìwọ̀n òótọ́ ni. Bí bébà bá ní apá gùn tó báyìí, apá gùn tó báyìí nìyẹn. Nítorí náà, bí bẹ́ẹ̀dì bá wọ yàrá yẹn lórí kọ̀ǹpútà—

ỌMỌ: Téèpù yín wà lọ́wọ́?

BÀBÁ: Ó wà lọ́rùn mi. Ìgbà wo ni kì í sí níbẹ̀?

ỌMỌ: Ẹ bá mi wọn yàrá yẹn, sà. Láti ògiri dé ògiri.

BÀBÁ: Dúró. [Ìró ẹsẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Gbohùngbohùn.] Ẹ bá mi di etí ẹ̀ mú níbẹ̀ yẹn, ọ̀gbẹ́ni, ẹ ṣeun… Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Kò lé. Bẹ́ẹ̀dì jẹ́ mẹ́fà àti ààbọ̀.

ỌMỌ: Ẹ gbé e gba gígùn yàrá.

BÀBÁ: A ti ṣe é. Ìdí ẹ̀ bọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò ṣí mọ́. Àyè tó sì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìtan mi kan ò gbà á. Ibo ni màá dúró sí tí mo bá fẹ́ yí i padà? O mọ̀ pé wákàtí méjì méjì la gbọ́dọ̀ máa yí i, kí ẹ̀yìn ẹ̀ má baà bó.

ỌMỌ: Pálọ̀ ńkọ́? Ẹ gbé e sí pálọ̀.

BÀBÁ: Pálọ̀ wo? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì níbẹ̀, ògiri ni mo kàn lọ́tùn-ún lósì. Bó o ṣe wá gbé àga oní-èèyàn-mẹ́ta síbẹ̀, èyí ló ń yà mí lẹ́nu.

ỌMỌ: Bàámi.

BÀBÁ: Hùn?

ỌMỌ: Mo dín wọn kù.

BÀBÁ: O dín kí ni kù?

ỌMỌ: Àga yẹn. Bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ejẹ́ǹtì ló kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé yàrá há jù, kí á jẹ́ kó mí díẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n dín ẹrù kù. Kì í ṣe pé kí n mú díẹ̀ kúrò o. Kí n sọ wọ́n di kékeré. Bí bẹ́ẹ̀dì bá kéré, ẹni tó ń wò ó ò ní mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì ló kéré. Yàrá ló máa rò pé ó fẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì inú fọ́tò yẹn, Bàámi, ọmọ ọdún méje ò lè na ẹsẹ̀ lórí ẹ̀.

[Ìró ẹsẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.]

ỌMỌ: Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ fọ́tò pé kọ̀ǹpútà ni a fi to ilé yìí. Mo kọ ọ́. Ejẹ́ǹtì ló gé e kúrò. Bàámi, ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀.

BÀBÁ: Ṣé o kọ ọ́ síbẹ̀ pé o dín in kù?

ỌMỌ: Rárá, sà.

BÀBÁ: Ó ti pé ogójì ọdún tí mo ti ń ránṣọ. Mi ò gé aṣọ láì wọn èèyàn rí. Ẹni tí mo ti rán ogún aṣọ fún, tó bá tún dé, màá tún un wọ̀n, nítorí ara máa ń yí padà. Ilé yìí nìkan ni mi ò wọ̀n. Ṣé o mọ ìdí?

ỌMỌ: Mo mọ̀ ọ́n.

BÀBÁ: Ìyá ẹ ní kí n lọ wò ó. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, o mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí. “Lọ… wò ó.” Mo ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ọmọ ẹ lo ò fọkàn tán ni?”

ỌMỌ: [Ó ń sunkún.] Ká ní mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, mi ò ní—

BÀBÁ: Ta lo rò pé ó máa jẹ́?

ỌMỌ: Sà?

BÀBÁ: Mo ní, ta lo rò pé ó máa gbé ibẹ̀?

ỌMỌ: Mi ò rò ó. Fọ́tò ni mò ń rí. Ogún fọ́tò lójúmọ́, Bàámi. Mi ò rí èèyàn kankan.

[Ohùn ọkùnrin kan lókèèrè: “Bàbá, ẹ jẹ́ ká mọ bá a ṣe fẹ́ ṣe é o! Mo ní ẹrù míì tí mo fẹ́ lọ gbé ní aago mẹ́rin!”]

BÀBÁ: Mò ń bọ̀, dírébà! Ó ń dá mi lóhùn lọ́wọ́!

ỌMỌ: Ejẹ́ǹtì ńkọ́? Ẹ pe ejẹ́ǹtì.

BÀBÁ: Ó ti pa fóònù ẹ̀. Láti àárọ̀.

ỌMỌ: Ẹ padà sílé àtijọ́. Ẹ bẹ onílé, kí ó fún yín lọ́sẹ̀ kan péré—

BÀBÁ: Àwọn tó gba ibẹ̀ ń kó ẹrù wọlé bá a ṣe ń kó tiwa jáde. Orí àtẹ̀gùn la ti pàdé. Ọmọ wọn kékeré ń sáré nínú yàrá wa kí ìyá ẹ tó jáde níbẹ̀.

ỌMỌ: Ẹ̀gbọ́n Màámi?

BÀBÁ: Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ló ń gbé. Ṣé o ti gbàgbé?

ỌMỌ: Hòtẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Màá wá a lórí fóònù báyìí. Ìsàlẹ̀ ni màá ní kí wọ́n fún yín—

BÀBÁ: Kí o wá a lórí fóònù.

ỌMỌ: Bàámi—

BÀBÁ: Kí o wo fọ́tò ẹ̀.

[Ohùn ń já. Ariwo ṣà-ṣà.]

ỌMỌ: Hẹ́lò? Bàámi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: …ní gbangba.

ỌMỌ: Kí lẹ sọ? Mi ò gbọ́.

BÀBÁ: Mo ní bẹ́ẹ̀dì wà ní gbangba. Àwọn aláàárù ti gbé e jáde, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nínú oòrùn. Àwọn èèyàn tó ń kọjá ń wò ó. Ìyá ẹ náà ń wò ó láti inú ọkọ̀. Ó ti jókòó láti aago méje, kò yẹ kó jókòó ju wákàtí kan lọ. Omi ti pọ̀ ju ọkà lọ, ọmọ mi. Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Mi ò mọ̀ ọ́n rárá.

ỌMỌ: Màá wọkọ̀ báyìí. Mò ń dìde bọ̀. Ọ̀gá á bínú, kó bínú.

BÀBÁ: Wákàtí mẹ́sàn-án ni.

ỌMỌ: Mo mọ̀.

BÀBÁ: Wákàtí mẹ́sàn-án ni ìwọ máa fi dé. Èmi ń bi ọ́ nípa báyìí. Báyìí tí mo dúró yìí.

[Ẹnìkan ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta.]

BÀBÁ: Ó ń pè mí. Bó ṣe ń pè mí nìyẹn, ó ń fi ọwọ́ rere gbá ilẹ̀kùn.

ỌMỌ: Ṣé ó mọ̀?

BÀBÁ: Mo sọ fún un pé ìwọ lò ń bá wa wá ojútùú sí i. [Ìró ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí.] Kí ló dé, ìyàwó mi? Ṣé oòrùn ń pa ọ́? Ọmọ ẹ ni. Ọmọ ẹ ló wà lórí fóònù.

ÌYÁ: Mú… mú un wá.

BÀBÁ: Mo ti gbé e sí speaker. Sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ ẹ.

ÌYÁ: Ọmọ mi.

ỌMỌ: Màámi. Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ kú ìjókòó.

ÌYÁ: Ṣé o… ti jẹun?

ỌMỌ: [Ó ń sunkún.] Mo ti jẹun, mà.

ÌYÁ: Má sunkún. Ta ló… nà ọ́?

ỌMỌ: Kò sẹ́ni tó nà mí, mà.

ÌYÁ: Mi ò fẹ́… ibí yìí. Ó… há.

BÀBÁ: Má dá a lóhùn, kò tíì wọlé, ó kàn—

ÌYÁ: Mo rí i… láti ojú fèrèsé. Ó há. Ẹ̀yìn ń… ro mí. Sọ fún bàbá ẹ… ká máa… lọ sílé.

ỌMỌ: Màámi, ẹ—

ÌYÁ: Sílé wa. Mo fẹ́… dùbúlẹ̀.

[Ohùn ọkùnrin lókèèrè: “Bàbá! Aago ti ń lọ o!”]

ỌMỌ: Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un.

BÀBÁ: Èmi kọ́. Èmi ni mo sọ fún un pé ibí dáa. Ìwọ sọ fún un.

ÌYÁ: Ẹ sọ… kí ni?

ỌMỌ: Màámi… Màámi, ilé wa àtijọ́ yẹn, àwọn míì ti—

[Ìpè já.]